Èlùbọ́ Tí Mo Ń Lọ̀ fún Àbúrò Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ kú àfaradà àwa tá ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ yín, ẹ̀yin náà ò mọ̀ mí, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́ níbí. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti bí ọdún méjì ó lé. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi. Mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa. Mi ò tilẹ̀ sọ ọ́ nínú àdúrà, torí bí mo bá ti kúnlẹ̀, nǹkan mìíràn ni mo máa ń tọrọ.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún àbúrò mi lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ gé lára àpò oúnjẹ inú ikùn rẹ̀ kúrò, kó má baà lè jẹun púpọ̀ mọ́, kó lè rí ara rẹ̀ dín kù. Èmi nìkan ni mo mọ ìdí tó fi ṣeé ṣe kí iṣẹ́ abẹ yẹn má tọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Èébú náà tọ́ sí mi, mo kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi tán ni.

Mo máa pè é ní Bísí. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí, èmi ni ẹ̀gbọ́n. Festac ni wọ́n bí wa sí, ibẹ̀ la dàgbà sí, ibẹ̀ lèmi náà ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi àti àwọn ọmọ mi títí dòní. Bísí àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Raji Rasaki Estate, kò jìnnà sí wa. Nígbà tí ìyá wa kú, Bísí ṣì wà nílé ìwé girama. Èmi ni mo ń dáná fún un láti ìgbà yẹn. Ó máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun lòun ti kọ́ bí oúnjẹ ṣe ń dùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ara tèmi, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi kejì, mo sanra, mi ò sì padà sí bí mo ṣe wà. Mo ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Mo yé jẹ búrẹ́dì. Mo yé mu mínírà. Ìrẹsì di ohun tí mo ń bù fún àwọn ọmọ tí mo sì ń gbójú kúrò lára rẹ̀. Mo mu omi ọsàn wẹ́wẹ́ láàárọ̀ títí tí ikùn fi ń ta mí. Bí ìjọ bá gbààwẹ̀, tèmi máa ń gùn ju ti àwọn yòókù lọ. Mo ń rìn, mo ń sáré díẹ̀, mo ń rìn. Bí mo bá gorí ìwọ̀n, ibi tó wà ló máa ń wà.

Mi ò lè ṣàlàyé bó ṣe rí fún ẹni tí kò ṣẹlẹ̀ sí. Ebi ò pa mí mọ́ nígbà tó yá. Inú ò tilẹ̀ bí mi mọ́. Mo kàn máa ń wọ aṣọ tó bá gbà mí, màá sì jáde.

Ohun tó ń dùn mí ju ọ̀rá lọ ni pé kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́. Gbogbo ayé ló gbà pé mo ń jẹun ní kọ̀rọ̀. Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣì í mú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan mo bá a nílé ìdáná tó ń tú ike ìdọ̀tí wò. Ó ń wá ọ̀rá bisikíìtì. Nígbà tó rí mi, ó ní ṣíbí kan ló sọ nù.  Mo bá a wá ṣíbí náà.

Ẹgbẹ́ kan wà ládùúgbò wa tó máa ń rìn láàárọ̀ Sátidé. A máa pàdé lẹ́bàá pápá, a ó rìn gba àwọn áfẹ́níù kọjá, a ó padà. Ọkùnrin tó ń darí wa, sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni, Kóòṣì là ń pè é. Ní ìparí oṣù, Kóòṣì máa gbé ìwọ̀n sílẹ̀, kálukú á gùn ún lójú gbogbo wa, á sì ké e síta. Ẹni tó bá dín kù, a ó pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tí kò bá dín kù, Kóòṣì á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Màdáàmù, ẹnu yín ń ṣiṣẹ́ ju ẹsẹ̀ yín lọ o." Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni oyún Bísí bàjẹ́. Oyún oṣù méje ni. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ru gùdù, wọn ò sì rí ọmọ náà gbà là. Dókítà sọ fún un pé kó jọ̀ọ́ kó má tíì lóyún mìíràn, kó kọ́kọ́ dín ara rẹ̀ kù, kí ẹ̀jẹ̀ ríru náà lè wálẹ̀. Bísí náà sanra, ṣùgbọ́n kò tó tèmi. Ó wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é. Ohun tí ẹ bá ń jẹ ni kí n máa jẹ."

Inú mi dùn. Òótọ́ ni mo ń sọ. Mo rò pé mo ti rẹ́ni tá a jọ máa wà nínú rẹ̀.

Erékùṣù Èkó ni Bísí ti ń ṣiṣẹ́, ìdájí ló ń jáde, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́ kó tó wọlé. Mo wá sọ fún un pé kó fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ sílẹ̀ fún mi. Èmi ni mò ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n, èmi ni mò ń bó o, tí mò ń gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí mò ń sá a sórí báńkónì. Bó bá ti gbẹ, màá kó o lọ sí ibi ẹ̀rọ ní Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá, torí ẹ̀rọ tó wà lọ́dọ̀ wa, ata ni wọ́n ń fi lọ̀. Bí mo bá délé, màá pín in sínú ike méjì. Tèmi ni ọlọ́mọrí búlúù, ti Bísí ni ọlọ́mọrí pupa. Ní ọjọ́ Àìkú, màá se ẹ̀fọ́ tí kò lépo, màá bu tirẹ̀ sí abọ́, ọkọ rẹ̀ á wá gbé e lẹ́yìn ìsìn.

Oṣù kìíní tí Bísí gun ìwọ̀n Kóòṣì, ó ti dín kù. A pàtẹ́wọ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún dín kù. Òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi òwú wé e kó má baà jábọ́. Èmi ni àtẹ́wọ́ mi máa ń pẹ́ jù.

Èmi ńkọ́? Ibi tí mo wà náà ni mo wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sípò mi. Èlùbọ́ kan náà, ẹ̀fọ́ kan náà, títì kan náà tá a jọ ń rìn. Kóòṣì wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ohun kan náà lẹ ní ẹ̀ ń jẹ àbí? Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ wá ń fi pamọ́ fún wa?" Nígbà tí mo délé, ọkọ mi ò sọ púpọ̀. Ó kàn ní ọ̀rọ̀ náà ò yé òun, pé Bísí tí èmi ń fún lóúnjẹ ń fúyẹ́. Bí ara Bísí ṣe ń dín kù ló ń sọ mí di òpùrọ́. Àbúrò mi ò mọ̀ pé òun ń ṣe mí ní nǹkan kan. Inú rẹ̀ ń dùn ni.

Ní ọjọ́ kan tí òjò ṣú, mo kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí ibi ẹ̀rọ. Ẹni tó bá máa ń lọ síbẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ẹni tó lọ̀ ṣáájú ẹni máa ń kù nínú ẹ̀rọ. Èèyàn máa kọ́kọ́ da ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ sí i láti fi fọ ọ́, á yọ ìyẹn sọ́tọ̀, kó tó da ojúlówó sí i. Lọ́jọ́ náà, obìnrin tó wà níwájú mi lọ láfún ẹ̀gẹ́, irú èyí tí àwa tó ń dín ara kù ń sá fún, ó sì pọ̀. Mo ń sá fún òjò, mi ò fọ ẹ̀rọ. Mo da ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi lé e. Èyí tó kọ́kọ́ jáde funfun. Ọkùnrin tó ń lọ̀ ọ́ sọ fún mi pé, "Àǹtí, láfún ti wọnú ti iwájú yìí o. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀." Mo yọ ọ́ sọ́tọ̀ sínú ọ̀rá kan. Mo ní màá rò ó fún àwọn ọmọ.

Nígbà tí mo délé, mo dúró nílé ìdáná, mo mú ọ̀rá yẹn dání. Ike méjèèjì wà níwájú mi. Mi ò lè sọ fún yín pé èṣù ló tì mí, torí mi ò rí èṣù kankan. Ara mi balẹ̀. Mo da ohun tó wà nínú ọ̀rá sínú ike ọlọ́mọrí pupa, mo da ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e, mo rò wọ́n pọ̀, mo sì dé e. Lẹ́yìn náà mo fọ ọwọ́ mi, mo lọ mú àwọn ọmọ wá láti ilé ìwé.

Ní ìparí oṣù, Bísí gun ìwọ̀n. Kò dín kù. Ó tilẹ̀ fi díẹ̀ lé sí i. Mi ò mọ̀ bóyá láfún yẹn ni, bóyá oṣù rẹ̀ ló fẹ́ wá, èmi kì í ṣe dókítà. Kóòṣì ò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Bísí bojú wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti kàn mí o." Ó di ọwọ́ mi mú títí tá a fi rìn délé. Ó ti pẹ́ tó ti di ọwọ́ mi mú bẹ́ẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ó wá ní, "Bóyá bí ẹ̀jẹ̀ ìdílé yín ṣe rí nìyẹn. Má bínú, mo ti ń rò ó sí ibòmíràn." Kò bẹ̀ mí rí lórí ọ̀rọ̀ ara mi, láti ìgbà tá a ti fẹ́ra. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti ń fẹ́ gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá.

Láti ìgbà yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni. Mi ò ní parọ́ fún yín. Mo ń ra láfún, mo ń pò ó mọ́ èlùbọ́ Bísí. Nígbà tó yá, mo ń da òróró sí ọbẹ̀ tirẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá ti bu tèmi. Nígbà tó bi mí pé kí ló dé tí ọbẹ̀ ń dán, mo ní ọ̀rá ara ẹja ni. Nígbà tó ní èlùbọ́ funfun lọ́tẹ̀ yìí, mo ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìgbà òjò ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Kí ló máa mú un má gbà?

Èyí tí ẹ ò ní gbà gbọ́ ni pé mi ò fọwọ́ kan ike tèmi. Tèmi mọ́ tónítóní. Mo ń jẹ ẹ́, mo ń rìn, mo ń gbààwẹ̀, ara mi ò sì yẹ̀ kúrò níbi tó wà. Bí mo ṣe fẹ́ kí àbúrò mi jókòó tì mí, kì í ṣe kí ìyà lè jẹ ẹ́. Ìdáwà ló sú mi.

Bísí padà sanra. Ó ń rìn láàárọ̀, ó tún ń rìn bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó ra okùn, ó ń fò ó nínú pálọ̀ títí tí orúnkún rẹ̀ fi wú. Dókítà fi òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kún èyí tó ń lò, ó sì sọ fún un lójú ọkọ rẹ̀ pé kò sọ òótọ́ nípa ohun tó ń jẹ. Ọkọ rẹ̀, Káyọ̀dé, ń dúró de ọmọ. Ìyá rẹ̀ ń pè é láti ilé. Lọ́jọ́ kan ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì wakọ̀ lọ bá Bísí ní ọ́fíìsì lọ́sàn-án láìsọ fún un. Ó bá a tó ń jẹ oúnjẹ tí mo dì fún un. Kò rí nǹkan mìíràn. Ó padà sílé, ó ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ó ti jẹ nǹkan mìíràn tán kí òun tó dé.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bísí wá sílé mi. Ó ń sunkún bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò fi nǹkan kan sẹ́nu." Mo gbá a mọ́ra. Mo ní, "Mo mọ̀. Mo gbà ẹ́ gbọ́." Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ gbà mí gbọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ eléyìí, ó sì nira láti sọ. Ọjọ́ yẹn dùn mọ́ mi. Àbúrò mi ń sunkún láyà mi, ó sì dùn mọ́ mi. Mo pọn omi gbígbóná fún un wẹ̀, mo bá a di irun rẹ̀, a jọ wo tẹlifíṣọ̀n. Bí a ṣe máa ń ṣe nígbà tí ìyá wa kú nìyẹn.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, mi ò mọ nǹkan kan lára mọ́. Mò ń po èlùbọ́ bí èèyàn ṣe ń fọ eyín. Mi ò ro ohun tí mò ń ṣe. Àwọn kan lára yín á ní ẹ̀rí ọkàn mi ti kú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń kọrin nínú ìjọ, mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń bá Bísí wá orúkọ fún ọmọ tí wọn ò tíì lóyún rẹ̀.

Ìgbà tó sọ fún mi nípa iṣẹ́ abẹ, pálọ̀ mi ló jókòó sí. Wọ́n ti ta ilẹ̀ wọn tó wà ní Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá, èyí tí wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ sí. Owó rẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣe é. Kò sunkún. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sọ pé òun fẹ́ lọ tún bàtà ṣe. Ó ní, "Ara mi ti já mi kulẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ṣe gbogbo ohun tí èèyàn ń ṣe. Wọ́n á gé e, á sì tán." Ó ní dókítà sọ pé ewu wà níbẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ní, pé àwọn kan lè má jí. Ó ní òun ti fọwọ́ sí i.

Nígbà tó lọ tán, mo da gbogbo láfún ilé mi nù. Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun. Mo kó o lọ sí ibi ẹ̀rọ, mo sì ní kí ọkùnrin náà fọ ẹ̀rọ títí tó fi wò mí bíi pé mo ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo se ẹ̀fọ́ tí kò ní òróró rárá. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bí ara rẹ̀ bá lè dín díẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn dókítà á ní kí wọ́n dá a dúró, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, kò sì ní sí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi gbọ́. Bí mo ṣe ń ro nǹkan nìyẹn. Mo ṣì ń wá ibi tí mo lè gbà yọ.

Mo gbé e dé Raji Rasaki. Bísí ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin díndín. Tíì tó kún fún mílíìkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ike ọlọ́mọrí pupa tí mo gbé wá láìpẹ́ yìí ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò tíì ṣí i. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Ẹ má ṣe wàhálà lórí èlùbọ́ mọ́. Mo ti jẹ ẹ́ tó. Ẹ jẹ́ kí n gbádùn ẹnu mi kí wọ́n tó gé ikùn mi."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, pé eléyìí yàtọ̀, pé ó máa ṣiṣẹ́. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ara tiyín. Ṣé ó ṣiṣẹ́ fún yín?"

 Kí ni mo fẹ́ sọ? Òótọ́ ló sọ. Oúnjẹ tó mọ́ tí mo jẹ ní gbogbo ìgbà yẹn ló wá di ẹ̀rí pé kò sí oúnjẹ tó lè ràn án lọ́wọ́. Mo gbé abọ́ náà sílẹ̀, mo padà sílé.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí lórí fóònù. Ilé ìwòsàn ti sọ fún un pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nǹkan olómi ni yóò kọ́kọ́ máa mu, kó tó bọ́ sórí ẹ̀kọ tó rọ̀, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Káyọ̀dé fẹ́ gba ẹni tó máa máa sè é. Bísí ní òun ò fẹ́. Ó ní, "Mo sọ fún un pé ẹ̀yin ni. Mi ò fẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn nínú oúnjẹ mi." Mo ní kò burú. Mo dá a lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́, mo sì padà sídìí aṣọ tí mò ń lọ̀.

Ohun tí mo máa pàdánù, mo mọ̀ ọ́n. Bísí kò ní jẹun lọ́wọ́ mi mọ́. Ó ṣeé ṣe kó má wọ ilé mi mọ́. Káyọ̀dé á ní mo rẹ́ àwọn jẹ, ilẹ̀ wọn ti lọ, àwọn ọdún tó yẹ kó ti bímọ náà ti lọ. Ọkọ mi á ní àṣé òun ò ṣì mí mú níjọ́sí. Lọ́jọ́ tí mo bá jẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa gbà láéláé pé èmi fúnra mi ò jẹ nǹkan kan ní kọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí pé ìyẹn náà wà lára ohun tó ń dá mi dúró. Àbúrò mi lè má jí lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi ń ro ohun tí Kóòṣì á sọ.

Lánàá, mo lọ síbẹ̀ láti sọ ọ́. Bísí ń sá aṣọ níwájú ilé. Ó rí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí?" Mo ní kò sí, pé mo kàn wá wò ó ni. Mo bá a sá èyí tó kù. A sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mi. Mo wọ kẹ̀kẹ́ padà.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àgbà, ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò, ẹ̀yin tí ẹnìkan ti ṣẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ má sọ fún mi pé Ọlọ́run ti dárí jì mí. Mi ò tíì bẹ ẹni tí mo ṣẹ̀, báwo ni màá ṣe bẹ Ọlọ́run? Ọjọ́ tó kù ò pọ̀ mọ́. Mo ti pinnu pé màá padà lọ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, mo sì ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀rẹ̀. Kan ṣoṣo ni mo rí. Màá sọ fún un pé, "Bísí, kò sí nǹkan kan tó ṣe ara rẹ."

Inú rẹ̀ á kọ́kọ́ dùn. Mo mọ̀ ọ́n, ó máa kọ́kọ́ dùn, torí kò sẹ́ni tó tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún un láti ìgbà tí oyún yẹn ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, níbẹ̀ ni ẹnu mi ti ń kú. Kí ni kí n sọ tẹ̀ lé e?